Bí Ètò Ìkọ̀wé Ṣe Ń Dá Bọ́tìnì Pàtàkì Mọ̀ Nínú Tẹ́míná



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sí ojú ewé yìí lè dàbí ọ̀ràn àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni gbogbo wa yóò jẹ́, ìwé kíkọ sì jẹ́ apá ńlá nínú iṣẹ́ olùkọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni a fi ń kọ ìbéèrè ìdánwò, orúkọ àwọn ọmọ àti ìròyìn ẹ̀kọ́ wọn lóde òní, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàrin ìka wa àti ìwé tí a ń kọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀ báyìí. Ká ní olùkọ́ kan níhìn-ín ní Òmùpo ń kọ ẹ̀kọ́ Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ gòkè lọ sí ìlà kan láti tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, ó sì tẹ bọ́tìnì tí a ya ọfà òkè sí. Dípò kí ó gòkè, àmì àjèjì kan, ^[[A, jáde sí àárín ìwé rẹ̀. Ó tún tẹ ọkọ́, èyí tí a fi ń ro oko, ẹ̀rọ sì sọ ọ́ di ohun mìíràn. Bí ó bá ti sú u, yóò kọ gbogbo ọ̀rọ̀ láìsí àmì kankan. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ọmọ tí ń ka ìwé rẹ̀ kò ní mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tàbí ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Wọn yóò sì máa rò pé èdè wọn ni ó ní àbùkù. Nítorí náà ọ̀ràn kékeré kọ́ ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a wádìí ta ni ó jẹ̀bi nínú rẹ̀.

1. Kí ni tẹ́míná?

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí ń gba odidi yàrá, àwọn ènìyàn kì í jókòó ti òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń lò, èyí tí ó ní bọ́tìnì àti ojú dígí, tí wáyà sì so ó mọ́ ẹ̀rọ ńlá náà. Ẹ̀rọ kékeré yìí ni à ń pè ní tẹ́míná. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ nínú wọn ni VT100, tí ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ti Amẹ́ríkà mú jáde ní ọdún 1978.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti kúrò lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní tí ń sín in jẹ, tí ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni VT100. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni xterm, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní 1984. Nínú fèrèsé ètò yìí ni a ti ń ṣí ètò ìkọ̀wé bíi Vim, Emacs tàbí nano. Ohun tí ó yẹ kí a dì mú ṣinṣin ni èyí: ètò ìkọ̀wé kò rí ìka wa, kò sì rí bọ́tìnì wa. Nọ́ńbà tí tẹ́míná fi ránṣẹ́ sí i nìkan ni ó ń rí.

Ọgbọ́n kí nọ́ńbà dúró fún ọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Nínú àrokò, bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà àti fà jọ dún ní etí. Bí ọ̀rẹ́ náà bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Owó ẹyọ kò sọ̀rọ̀. Àdéhùn tí ó wà láàrin olùránṣẹ́ àti olùgbà ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ àdéhùn náà yóò ná ẹyọ rẹ̀ lọ́jà.

Àdéhùn àwọn oníkọ̀ǹpútà ni ASCII, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1967. Nọ́ńbà 128 ni ó wà nínú rẹ̀, láti 0 dé 127. Nínú rẹ̀, A ńlá jẹ́ 65, a kékeré sì jẹ́ 97. Àwọn nọ́ńbà láti 0 dé 31 kì í ṣe lẹ́tà, àṣẹ ni wọ́n: 9 ni Tab, 13 ni Enter, 27 ni Esc. Ẹ kíyèsí i pé kò sí nọ́ńbà kankan fún ọfà òkè, kò sí fún Home, kò sì sí fún F1. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

2. Agogo akéde

Báwo ni a ó ṣe fi bọ́tìnì tí kò ní nọ́ńbà ránṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí a wo akéde ìlú. Nígbà tí ó bá jáde ní ìrọ̀lẹ́, agogo ni í kọ́kọ́ lù. Agogo kì í ṣe ìròyìn. Ó ń sọ fún ará ìlú pé ìròyìn ń bọ̀, kí wọ́n má ṣe ka ohun tí yóò tẹ̀lé e sí ọ̀rọ̀ lásán.

Nọ́ńbà 27, èyí tí í ṣe Esc, ni agogo akéde nínú tẹ́míná. Bí a bá tẹ ọfà òkè, tẹ́míná yóò fi nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ tẹ̀léra: 27, lẹ́yìn náà 91 tí í ṣe àmì [, lẹ́yìn náà 65 tí í ṣe A. Bí a bá tẹ ọfà ìsàlẹ̀, B ni yóò kẹ́yìn. Ti ọ̀tún jẹ́ C, ti òsì sì jẹ́ D. Delete jẹ́ Esc, [, 3, àti ~. Ètò ìkọ̀wé tí ó mọ àdéhùn náà yóò kó gbogbo wọn jọ, yóò sì wí pé, “Ọfà òkè nìyí.” Ètò tí kò mọ̀ ọ́n yóò kọ wọ́n sílẹ̀ bí ó ti gbà wọ́n. Èyí ni ^[[A tí olùkọ́ wa rí, nítorí ^[ ni a fi ń kọ nọ́ńbà 27 sí ojú ẹ̀rọ kí ojú lè rí i.

Kì í ṣe gbogbo tẹ́míná ni ó ní ọfà ní bọ́tìnì ọ̀tọ̀ rí. Nígbà tí Bill Joy ń kọ ètò ìkọ̀wé vi ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 1976, tẹ́míná ADM-3A ni ó ń lò, orí bọ́tìnì H, J, K àti L ni a sì ya ọfà mẹ́rin sí lórí ẹ̀rọ náà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń lo vi àti Vim fi ń fi lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí rìn káàkiri nínú ìwé títí di òní.

3. Bí agogo bá dún tí akéde kò sọ̀rọ̀

Ìbéèrè kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rere béèrè. Bọ́tìnì Esc fúnra rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, nọ́ńbà 27 yìí kan náà ni ó sì ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ètò ìkọ̀wé bá rí 27, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá Esc nìkan ni a tẹ̀, tàbí ọfà ni ó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó dúró díẹ̀ lọ. Bí agogo bá dún ní ìta, ẹni tí ó wà nínú ilé yóò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, yóò tẹ́tí sílẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ohùn akéde, yóò mọ̀ pé ọmọdé kan ni ó fi agogo ṣeré, yóò sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò ìkọ̀wé ń ṣe. Neovim ń dúró fún ìdá 50 nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí a kò bá pa á láṣẹ mìíràn. Àkójọ iṣẹ́ tí à ń pè ní ncurses, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò gbára lé, ń dúró fún odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan. Emacs ní tirẹ̀ kì í ka àkókò rárá: bí a bá tẹ Esc, yóò dúró títí a ó fi tẹ bọ́tìnì mìíràn, nítorí pé ó ka Esc sí ìbẹ̀rẹ̀ àṣẹ.

Ìdúró yìí ní ewu ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹni tí ó tẹ Esc yóò rò pé ẹ̀rọ ti sùn. Bí ó bá yá jù, tí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì sì ń falẹ̀, nọ́ńbà 27 lè dé kí [ àti A má tí ì dé. Ètò yóò ka 27 sí Esc, yóò sì ka ìyókù sí lẹ́tà lásán. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, tí ó sì rí i pé ọfà òun ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn tí ó sì ń kọ̀ nígbà mìíràn, kí ó wo àkókò ìdúró yìí kí ó tó dá bọ́tìnì lẹ́bi.

4. Tẹ́míná kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀

Bí ó bá jẹ́ pé àdéhùn kan ṣoṣo ni gbogbo tẹ́míná ń tẹ̀lé, ọ̀rọ̀ wa ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo bọ́tìnì Home nìkan. xterm ń fi Esc [ H ránṣẹ́, ojú dúdú ti Linux ń fi Esc [ 1 ~ ránṣẹ́, rxvt ní tirẹ̀ ń fi Esc [ 7 ~ ránṣẹ́. Gbogbo wa ni a mọ bí èyí ti rí: ohun kan náà ni ará Òmù-Àrán, ará Ìbàdàn àti ará Ìjẹ̀bú ń wí, ohùn ẹnu wọn kò sì dọ́gba.

Láti yanjú èyí, Bill Joy kan náà ṣe ìwé atúmọ̀ kan tí à ń pè ní termcap ní nǹkan bí 1978. Lẹ́yìn rẹ̀ ni terminfo dé, èyí tí a ń lò lónìí. Nínú rẹ̀ ni a kọ orúkọ tẹ́míná kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú ohun tí bọ́tìnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ètò ìkọ̀wé bá jí, yóò béèrè orúkọ tẹ́míná tí ó wà nínú rẹ̀. Inú ohun tí à ń pè ní TERM ni orúkọ náà wà. Yóò sì ṣí ìwé atúmọ̀ sí ojú ewé orúkọ yẹn.

Bí TERM bá purọ́, ojú ewé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ètò yóò kà. Bí a bá sì lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ìwé atúmọ̀ rẹ̀ kò ní orúkọ tẹ́míná wa, ọ̀rọ̀ náà yóò dàbí ti àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. Àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí fún wọn ní 1945. A ń rí wọn, a ń kà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbẹ́ wọn kò fi ìtumọ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀kan ṣì kù. VT100 ní ìwà méjì. Ní ìwà kìíní, ọfà òkè jẹ́ Esc [ A, ní ìwà kejì, ó jẹ́ Esc O A. Ètò ìkọ̀wé a máa sọ fún tẹ́míná pé kí ó bọ́ sí ìwà kejì nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa dá a padà nígbà tí ó bá ń lọ. Bí ètò náà bá kú lójijì, kò sí ẹni tí yóò dá tẹ́míná padà, ọfà lè máa ṣe ségesège lẹ́yìn náà. Àṣẹ reset ni oògùn rẹ̀.

5. Bọ́tìnì méjì, nọ́ńbà kan

Bọ́tìnì Ctrl ní ìṣirò tirẹ̀. Bí a bá tẹ Ctrl mọ́ lẹ́tà kan, nọ́ńbà ipò lẹ́tà náà nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì ni yóò lọ. Ctrl pẹ̀lú A jẹ́ 1. Ctrl pẹ̀lú I jẹ́ 9, nítorí pé I ni ẹ̀kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n a ti wí pé 9 ni Tab! Bákan náà ni Ctrl pẹ̀lú M jẹ́ 13, tí í ṣe Enter, Ctrl pẹ̀lú [ sì jẹ́ 27, tí í ṣe Esc. Tẹ́míná fúnra rẹ̀ mọ èyí tí a tẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá sọ ọ́ di nọ́ńbà, ìyàtọ̀ ti sọnù. Kò sí ètò ìkọ̀wé náà, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, tí ó lè mọ ohun tí a kò sọ fún un.

Fún àwọn ọfà, a rí ọ̀nà àbáyọ. A bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. A fi 1 kún un fún Shift, 2 fún Alt, 4 fún Ctrl. Nítorí náà Shift pẹ̀lú ọfà òkè jẹ́ Esc [ 1 ; 2 A, Ctrl pẹ̀lú ọfà òkè sì jẹ́ Esc [ 1 ; 5 A. Ní àwọn ọdún tí ó sún mọ́ wa, tẹ́míná kitty ti na ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́tà. Nínú rẹ̀, bí ètò ìkọ̀wé bá béèrè fún un, Ctrl pẹ̀lú I lè jẹ́ Esc [ 105 ; 5 u, kì í sì í ṣe Tab mọ́. Neovim mọ àdéhùn tuntun yìí. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì, tẹ́míná àti ètò ìkọ̀wé, ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Àjọmọ̀ ni í jẹ́ àdéhùn.

6. Ọ̀ràn lẹ́tà Yorùbá

Nísinsìnyí a dé orí ohun tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1875 àwọn àgbà iṣẹ́ ìránṣẹ́ pàdé ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì wà níbẹ̀, láti fi ohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní láti ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, nítorí nínú nọ́ńbà 128 ti ASCII, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ.

Àdéhùn tí ó yanjú rẹ̀ ni Unicode, ọ̀nà tí a sì ń gbà fi í ránṣẹ́ ni UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992. Nínú rẹ̀ ẹ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta: 225, 186, 185. Ọ kékeré tí ó ní àmì nísàlẹ̀ jẹ́ 225, 187, 141. Ṣ kékeré jẹ́ 225, 185, 163. Ẹ kíyèsí i pé gbogbo wọn ju 127 lọ. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé 27 kò lè farapamọ́ sínú lẹ́tà wa láéláé. Agogo akéde kò lè dún nínú orúkọ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìdẹkùn kan wà. Àwọn tẹ́míná àtijọ́ kan ń fi 128 kún nọ́ńbà lẹ́tà láti fi hàn pé a tẹ Alt mọ́ ọn. Kékeré a jẹ́ 97. 97 àti 128 jẹ́ 225. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ gan-an nìyẹn! Ètò tí ó bá ṣì ń tẹ̀lé àṣà àtijọ́ yìí yóò ka ẹ kan ṣoṣo sí àṣẹ mẹ́ta: Alt pẹ̀lú a, Alt pẹ̀lú àmì :, àti Alt pẹ̀lú 9. Olùkọ́ tí ó ń kọ ẹ̀kọ́ yóò rí i tí ìwé rẹ̀ ń fò káàkiri. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a jẹ́ kí tẹ́míná máa fi Esc ṣáájú lẹ́tà nígbà tí a bá tẹ Alt, kí a sì fi UTF-8 ṣe èdè tẹ́míná àti ti ètò ìkọ̀wé.

Ìdẹkùn kejì ni àmì ohùn. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. A ní láti kọ ọ, kí a sì fi àmì òkè, 204 àti 129, tẹ̀lé e. Ojú wa rí lẹ́tà kan. Ẹ̀rọ rí méjì, nọ́ńbà márùn-ún. Ẹlòmíràn sì lè kọ ó kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wá ọkọ́ nínú ìwé tí a kọ ní ọ̀nà kejì, ètò tí kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n yóò wí pé kò sí níbẹ̀. Unicode ti la ìlànà sílẹ̀ láti sọ gbogbo wọn di ọ̀nà kan, èyí tí à ń pè ní NFC. Ó yẹ kí àwọn tí ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ máa lò ó.

Ohun kan tí ó dùn mọ́ni ni pé lẹ́tà wa kò ní láti jẹ́ iṣẹ́ ètò ìkọ̀wé rárá. Linux ní ètò kíbọ́ọ̀dù fún Nàìjíríà, ti Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Windows pẹ̀lú ní ti Yorùbá. Bí a bá yàn án, a ó ti sọ ìtẹ̀ ìka di ẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tẹ́míná. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹnu-ọ̀nà tí nǹkan ti bàjẹ́: kíbọ́ọ̀dù, tẹ́míná, tàbí ètò ìkọ̀wé.

7. Ìdánrawò

Kí olúkúlùkù wa ṣí tẹ́míná nínú Linux, kí ó kọ cat -v, kí ó sì tẹ Enter. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Home, Delete àti F1, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ctrl pẹ̀lú C ni a fi ń jáde. Kí ó wá dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

(i) Kí ni ìdí rẹ̀ tí ètò ìkọ̀wé fi ní láti dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ Esc?
(ii) Bí a bá tẹ Ctrl àti Shift pọ̀ mọ́ ọfà òkè, nọ́ńbà wo ni yóò wà ṣáájú A?
(iii) Èéṣe tí Tab àti Ctrl pẹ̀lú I fi jẹ́ ọ̀kan náà nínú tẹ́míná àtijọ́?
(iv) Nọ́ńbà mélòó ni ẹ̀rọ fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà ọkọ́, bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà NFC?

Ẹni tí ó bá dáhùn ìkẹrin dáradára yóò rí 9: mẹ́ta fún ọ, ọ̀kan fún k, mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì òkè.

Ta ni ó jẹ̀bi, nígbà náà? Kì í ṣe olùkọ́ wa, kì í sì í ṣe èdè Yorùbá. Ẹni méjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ láìní àdéhùn kan náà, àdéhùn náà sì jẹ́ ohun tí a lè kọ́, tí a sì lè tún ṣe. Nígbà tí ọmọ kan bá wá bá wa pé ẹ̀rọ kò gba orúkọ òun, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí fún un pé kí ó yọ àmì rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí a bá a wá ẹnu-ọ̀nà tí orúkọ náà ti há.